Ojú irin fún áńpìlìfáyà àfọwọ́ṣe, àti ìkùn tó bá a dé

Olùkàwé kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀fà, kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì. Áńpìlìfáyà kan wà nílé mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tò ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Tiransifọ́mà rẹ̀ jẹ́ 24-0-24, áísì TDA7294 méjì tó ń gbé ohùn ga ló wà nínú rẹ̀, pílíwúùdù ni mo sì fi ṣe ojú rẹ̀. Bí òjò bá dé, pákó náà á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á sán. Lẹ́tà tí mo fi máàkà kọ sí i ti pa rẹ́, àbíkẹ́yìn mi nìkan ló ṣì mọ nọ́ọ̀bù tí í ṣe ti béèsì. Lóṣù tó kọjá, mo gé pánù alumíníọ̀mù, mo gbé pákó àtijọ́ lé e lórí, mo sì lu ihò rẹ̀ bí ti pákó gẹ́lẹ́. Ihò méjì kò bára mu. Nọ́ọ̀bù yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀rọ tí kì í kùn tẹ́lẹ̀ wá ń kùn hùùù, bí mo bá sì fọwọ́ kan ojú rẹ̀ nígbà tí iná NẸ́PÀ wà, ó máa ń ta mí wínníwínní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ta mí bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a tàn. Ṣé kí n dá pákó mi padà ni?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ má tíì dá pákó padà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri lónìí, kí ẹ má sì tún tàn án títí ẹ ó fi ka ìdáhùn yìí dé ìsàlẹ̀, nítorí pé títa tó ń ta yín yẹn ni mo kà sí ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú ìwé yín, bí ẹ tilẹ̀ fi í sí ìparí. Pákó kì í gbé iná. Irin ń gbé e. Lọ́jọ́ tí ẹ yọ pílíwúùdù tí ẹ fi pánù sí ipò rẹ̀, ẹ rò pé aṣọ ni ẹ pààrọ̀ fún ẹ̀rọ yín, ṣùgbọ́n wáyà kan ni ẹ so mọ́ ọn, wáyà tó fẹ̀ tó ojú àpótí, tó kan gbogbo fọ́lúùmù (ẹ̀yà tí nọ́ọ̀bù ń yí), gbogbo ihò ìwọlé ohùn, àti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí nọ́ọ̀bù. Ìkùn àti títa, ibẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìkùn ṣáájú, nítorí pé bí ó bá ti yé wa, ìyókù á rọrùn. Ẹ yẹ ẹ̀yìn pánù náà wò. Bí ẹ bá kọ́ iṣẹ́ yìí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe kọ́ ọ, ẹ ó rí wáyà tín-ín-rín kan tí ẹ jó lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ ìdérí fọ́lúùmù kìíní lẹ́yìn, tó kọjá sí ẹ̀yìn ìkejì, tó dé ẹ̀yìn ìkẹta, kí ó tó lọ bá gíráǹdù ohùn, ìyẹn ọ̀nà tí iná ohùn ń gbà padà, lórí bọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀gá wa ló fi í hàn wá, wọn kò sì ṣì wá lọ́nà: lórí pákó, ìdérí fọ́lúùmù kò kan nǹkan kan, nítorí náà á máa gba ariwo iná ilé sára bí eriali, ẹ̀rọ á sì máa pariwo nígbàkúùgbà tí ọwọ́ bá kan ọ̀pá rẹ̀, wáyà yẹn ló ń pa ariwo náà. Ṣùgbọ́n lórí irin, nọ́ọ̀tì ti fún ìdérí fọ́lúùmù kọ̀ọ̀kan mọ́ pánù, pánù ti di ara kan náà pẹ̀lú àpótí, àpótí sì ti ní ibì kan lẹ́yìn tí gíráǹdù ohùn ti so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Gíráǹdù wá ní ọ̀nà méjì, bóyá mẹ́ta, láti dé ibì kan náà. Ọ̀nà tó gba iwájú lọ tó sì gba ẹ̀yìn padà, òrùka ni. Tiransifọ́mà tó jókòó sí àárín òrùka náà ń tú agbára òòfà ká, iná kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yípo nínú rẹ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iná ilé wa ti ń ṣe. Òun ni etí yín ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ gé wáyà ẹ̀yìn ìdérí yẹn kúrò pátápátá. Ẹ má bẹ̀rù pé ariwo ọwọ́ yóò padà wá, nítorí pé pánù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ wáyà náà láti ìsinsìnyí lọ. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: ẹsẹ̀ ni fọ́lúùmù fi ń gba ohùn wọlé tó fi ń gbé e jáde, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé gíráǹdù. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí mo ní kí ẹ gé. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ ẹsẹ̀ yìí kọ́ ẹ̀yìn ìdérí, tí wọ́n jó o mọ́ ọn, kí wáyà kan ṣoṣo lè sin àwọn méjèèjì. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ẹsẹ̀ náà kúrò lára ìdérí, kí ẹ sì fún un ní wáyà tirẹ̀ tí yóò lọ tààrà sí bọ́ọ̀dù.

Ihò ìwọlé ohùn náà jẹ̀bi díẹ̀. Èyí tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ irin máa ń so gíráǹdù ohùn mọ́ pánù ní kété tí ẹ bá ti dè é, òrùka tuntun sì dé nìyẹn. Ẹ fi èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ fi wáṣà rọ́bà sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí ihò pánù sì fẹ̀ ju ọrùn náà lọ díẹ̀ kí wọ́n má baà fara kanra. Ibì kan ṣoṣo ni kí gíráǹdù ohùn ti bá àpótí pàdé, lẹ́yìn, nítòsí ibi tí àwọn kapásítọ̀ ńlá tó ń tọ́jú iná wà. Àwọn mìíràn máa ń fi rẹsísítọ̀ óòmù 10 sí àárín ìpàdé náà kí ìkùn tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣàn wá lè rọ̀. Èmi náà ń ṣe é, kò sì tíì dójú tì mí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo ń sọ kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ ronú sí ohun tí etí yín ti gbọ́ sẹ́yìn. Ìkùn tó bá wà síbẹ̀ nígbà tí ẹ ti yọ gbogbo wáyà ìwọlé, inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló wà, kò ti ọ̀dọ̀ fóònù tàbí tẹlifíṣàn wá. Èyí tó bá ń pọ̀ tó ń dín bí ẹ ṣe ń yí ohùn sókè sódò, iwájú fọ́lúùmù ló ti wọlé. Èyí tí kò bá yí padà rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ìkùn òrùka a máa jinlẹ̀, a máa dún hùùù. Èyí tó bá ń dún jììì bí kòkòrò inú agolo, tí ó sì ń há létí, iná tó ń kún kapásítọ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá ló ń gba inú wáyà gíráǹdù ohùn kọjá, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi ojú tuntun.

Títa wá ńkọ́? Okùn iná tó ní wáyà méjì péré nínú ni mo gbà pé ẹ fi gbé iná wọ ẹ̀rọ náà, nítorí pé lórí pákó kò sí ẹni tó máa ń rántí ìkẹta. Inú tiransifọ́mà, wáyà tó ń gba fóòtì 230 jókòó ti irin rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí láìfara kàn án, ìjókòó tì yẹn nìkan sì tó láti jẹ́ kí iná bíńtín máa jò kọjá sí àpótí. Bí àpótí kò bá ní ọ̀nà tó lọ sí ilẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó di ọ̀nà náà nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Iná NẸ́PÀ ti fi ọ̀kan nínú wáyà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ láti orísun, nítorí náà ohun tó jò gba ara yín padà sílé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa kì í sábà so wáyà rẹ̀ kankan mọ́ ilẹ̀. Ohun tó jò kò rí ọ̀nà padà, òun ni kò fi ta yín. Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ewu kò sí nígbà tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀.

Ó lè jẹ́ jíjò bíńtín yẹn náà ni, ó sì lè jẹ́ pé wáyà kan ti bó nínú. Ẹ kò lè fi ọwọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ tan súwíìṣì ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ẹni pé iná wà, kí ẹ gbé mítà sí óòmù tó ga jù, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan ojú pánù níbi tí kò ti ní ọ̀dà, kí ẹ fi èkejì kan ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì tó ń gbé iná, lẹ́yìn náà èkejì rẹ̀. Mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Bí ó bá ka iye kankan, yálà súwíìṣì ni ó ti jóná, yálà wáyà ni ó ti bó, tàbí kí ó jẹ́ tiransifọ́mà ni, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ojú irin sí i títí ẹ ó fi rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra okùn iná tó ní wáyà mẹ́ta nínú. Èyí tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó lọ sí ilẹ̀: ẹ fún un ní bóòtì tirẹ̀ lára àpótí, nítòsí ibi tí wáyà ti wọlé, ẹ má fi í pín bóòtì pẹ̀lú tiransifọ́mà, kí ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin yóò fi máa dán, kí ẹ sì fi wáṣà eléyín sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Láti orí bóòtì yìí kan náà ni kí wáyà mìíràn ti lọ sí ẹ̀yìn pánù iwájú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé súkúrù mẹ́rin tó di pánù mú, nítorí pé pánù tí wọ́n ti fi àwọ̀ sí láti ilé-iṣẹ́ ní ìpele kan lójú tí kì í gbé iná rárá, ẹ lè fún súkúrù títí ọwọ́ yín yóò fi bó kí irin méjèèjì má sì mọra. Rẹsísítọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti gíráǹdù ohùn ni. Kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan, ohunkóhun, láàárín wáyà ẹ́ẹ̀tì àti irin. Nínú pulọ́ọ̀gì, fíúsì ámpù 3 tó fún ẹ̀rọ yín, ẹ yọ 13 tí wọ́n fi ta á fún yín. Kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé wa, ní Ọ̀fà bí ní Ìlọrin, ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tí kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò òkè, tí a kò sì ri irin ẹ́ẹ̀tì kankan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà.

Ẹ dákun, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀: fóòtì 24 tí ẹ rí lára tiransifọ́mà máa ń di nǹkan bíi 34 nínú kapásítọ̀, kì í sì í kúrò níbẹ̀ nítorí pé ẹ ti yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹ fi rẹsísítọ̀ óòmù 1,000 tó jẹ́ wáàtì 5 kan ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Bí ó bá jẹ́ máíkírófáràdì 10,000 ni, ìṣẹ́jú kan tó kí ó gbẹ. Kí ẹ sì fi mítà wò ó lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń fi ẹnu súkúrù-dírífà pa á, tí iná á sì bú pàù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é nílé tiwọn.

TDA7294 tí ẹ dárúkọ tún mú ọ̀rọ̀ kan wá. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ so mọ́ apá òdì iná tó ń wọlé sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé bí kò bá sí máíkà (awẹ́ fẹ́lẹ́ tí kì í gbé iná) láàárín òun àti híìtìsíǹkì (irin tó ń fa ooru rẹ̀ kúrò), híìtìsíǹkì yín wà ní fóòtì 34 ní apá òdì láti ọdún mẹ́jọ yìí wá, pákó ni kò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Pé fíúsì kò tíì jó fi hàn pé híìtìsíǹkì kò tíì kan pánù. Ṣùgbọ́n ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, láti híìtìsíǹkì dé gíráǹdù, nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn tí ojú rẹ̀ sì wà ní títú. Bí ẹ bá rí 34 níbẹ̀, ẹ ra máíkà àti wáṣà ọ̀rá fún súkúrù rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ó ku ojú náà fúnra rẹ̀. Ihò yín kò bára mu nítorí pé ihò pákó ni ẹ tẹ̀lé. Ihò tó ti pé ọdún mẹ́jọ nínú pílíwúùdù tó ń wú tó ń sán kì í tún ṣe róboto, ẹ sì lè ti fi ọ̀bẹ fẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ tó rí fọ́lúùmù kì bọ̀ ọ́. Àárín rẹ̀ kì í ṣe àárín ọ̀pá mọ́. Ẹ̀rọ ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ mú etí òsì àpótí ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wọn láti ibẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá fọ́lúùmù kìíní, kí ẹ fi mílímítà 3 kún un bí ọ̀pá bá jẹ́ mílímítà 6, ẹ ti dé àárín. Kí ẹ tún padà sí etí òsì kí ẹ tó wọn ìkejì. Ẹni tó bá ń wọn láti ọ̀pá dé ọ̀pá, àṣìṣe kékeré kìíní á gun orí ìkejì, ìkejì á gun orí ìkẹta, nígbà tó bá fi dé ihò ìkẹrin ó ti ṣìnà tó mílímítà méjì. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ bá yín fi yà á, ẹ ya ìlà kan tó jẹ́ mílímítà 100 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a máa sún ìwọ̀n kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ wá gbé bébà náà lọ sójú ẹ̀rọ, kí ẹ lu ọ̀pá kọjá lára rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó jókòó láìdì.

Nọ́ọ̀bù tó yọ síta kò jẹ́ àdììtú. Pílíwúùdù yín nípọn, bóyá ó tó mílímítà 6, pánù yín kò sì ju 2 lọ; mílímítà mẹ́rin tó kù ni ẹ ń rí lára ọ̀pá. Ẹ lè fi nọ́ọ̀tì kejì sí ẹ̀yìn pánù kí fọ́lúùmù lè sún sẹ́yìn. Ẹ sì lè gé ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni kí ẹ fi fáìsì mú, kì í ṣe ara fọ́lúùmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ayùn irin á gbọn inú rẹ̀ títí yóò fi máa dún kṣàkṣà nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí i. Èyí tí mo fẹ́ jù fún yín ni kí ẹ fi pásípẹ́ẹ̀sì tó mọ́ gaara, tó jẹ́ mílímítà 3, bo iwájú pánù. Ó bo ọ̀pá tó yọ, ó sì yanjú ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó ń pa rẹ́, bí mo ti fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ má lọ ra alúkóbọ́ọ̀dù àwọn tó ń ṣe páátákó nítorí pé ó dán tó sì rọrùn gé. Awọ alumíníọ̀mù méjì ni, ọ̀rá wà láàárín wọn. Bí ẹ bá so ẹ́ẹ̀tì mọ́ awọ ẹ̀yìn, awọ iwájú tí ọwọ́ ń kàn kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Pánù gidi tó jẹ́ mílímítà 2 ni kí ẹ béèrè. Àwọn tó ń rọ páànù, tàbí àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, mọ ibi tí a ti ń rí i, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí àjákù tó tó yín lò ní Ọ̀fà láìwọ ọkọ̀ gba Ajàṣẹ́ wá sí Ìlọrin.

Nípa ihò lílù. Ẹ yọ gbogbo bọ́ọ̀dù jáde, ẹ gbé e lọ sí yàrá mìíràn. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ìrọ́lẹ́ tó ku ọ̀la kí ààwẹ̀ wọlé, mo lu ihò kan ṣoṣo, ihò iná pupa kékeré lásán, sí ojú áńpìlìfáyà mọ́sálááṣí kan láìtú u, mo sì fẹnu fẹ́ ẹ mọ́. Ègé irin kan tí kò gùn ju èékánná lọ ti bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ tiransísítọ̀. Mo tan iná, ó dún pọ́kà, tiransísítọ̀ méjì àti sípíkà kan bá a lọ, áńpìlìfáyà ẹlòmíràn ni a sì fi kí ìrun àṣàmù alẹ́ náà.

Ẹ lẹ bébà mọ́ pánù, ẹ fi pọ́ńsì kan àárín ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹnu dírílì lè ríbi jókòó. Pílíwúùdù àtijọ́ yín ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó wúlò níbí ju ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé irin tí kò ní igi lábẹ́ a máa ya etí ihò nígbà tí ẹnu dírílì bá ń jáde. Ẹ fi kílám̀pù mú àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ tábìlì. Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n pánù tí dírílì bá já gbà mọ́ni lọ́wọ́ tó ń yí bí abẹ kì í ṣe ẹni tí à ń bá wọ̀yá ìjà. Ẹ fi ẹnu mílímítà 3 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Alumíníọ̀mù rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ ẹnu dírílì bí ẹ̀bà. Ẹ kán karosíìnì díẹ̀ sí i, ẹ má jẹ́ kí dírílì sáré jù, ẹ ó rí i pé ègé tó ń jáde á di rìbìtì gígùn tó ń dán, kò ní jẹ́ ìyẹ̀fun dúdú mọ́. Ọrùn fọ́lúùmù kékeré sábà máa ń jẹ́ mílímítà 7, ṣùgbọ́n ẹ wọn tiyín, kí ẹ fi ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì mílímítà kún ihò náà. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà ní eyín kékeré kan tí kì í jẹ́ kí fọ́lúùmù bá ọwọ́ yí. Ẹ lu ihò tirẹ̀, ẹ má ṣẹ́ eyín náà dànù bí àwọn ọmọṣẹ́ ti ń ṣe. Súwíìṣì kékeré onígun mẹ́rin tó ń wọlé fúnra rẹ̀ sábà máa ń gba ihò mílímítà 19 sí 13: ẹ lu ihò róboto sínú rẹ̀, kí ẹ fi fáìlì parí igun.

Lẹ́tà wá kù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe páátákó fi ẹ̀rọ lésà gé pásípẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú ihò rẹ̀, nítorí pé ẹnu dírílì lásán a máa la pásípẹ́ẹ̀sì. Kí ó tẹ lẹ́tà sórí síitíkà tó mọ́ gaara, ní ìdàkejì bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pásípẹ́ẹ̀sì, kí ó wà láàárín òun àti pánù. Ọwọ́ kò ní kàn án láéláé, kò sì lè pa rẹ́. Bí ó bá ní òun lè fi lésà yẹn kan náà fín lẹ́tà sára alumíníọ̀mù lásán, ẹ ní kó kọ́kọ́ fín in sára àjákù. Lésà tó ń gé pásípẹ́ẹ̀sì kì í ràn án, àfi bí ọ̀dà bá wà lójú irin tí yóò jó kúrò. Lẹ́tà tó ga tó mílímítà 4 dára fún ojú àgbà. Mo sì rọ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá: Ohùn, Ìsàlẹ̀, Òkè. Ẹ fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀, ẹ má pè é fún wọn lẹ́nu. Ẹnìkan bá mi tẹ OHUN láìlámì rí, nọ́ọ̀bù tó tóbi jù lójú ẹ̀rọ náà sì di ti “nǹkan” títí di òní. Pásípẹ́ẹ̀sì kò fẹ́ ọtí tàbí sípíríìtì, pàápàá létí ibi tí lésà ti gé e, á máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má sì fún nọ́ọ̀tì jù.

Nígbà tí ẹ bá tò ó padà, ẹ fi mítà wọ̀n láti ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì pulọ́ọ̀gì dé ẹ̀yìn pánù, dé ọ̀pá fọ́lúùmù kọ̀ọ̀kan: kò gbọdọ̀ tó óòmù 1. Ẹ má fi sípíkà sí i ní títàn àkọ́kọ́. Ẹ so gílóòbù wáàtì 60, ti àtijọ́ onírin nínú, kì í ṣe ti ìgbàlódé, sí ojú ọ̀nà iná tó ń wọlé, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Bí gílóòbù bá tàn yòò lẹ́ẹ̀kan tó sì ṣú, ó dára. Bí ó bá ń tàn lọ ràì, ẹ pa á, ẹ wá ohun tó fara kan ohun tí kò yẹ, ẹ sì kọ́kọ́ yẹ híìtìsíǹkì wò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọn ẹnu tí sípíkà ń gbà: kò yẹ kó ju ìdá mẹ́wàá fóòtì kan lọ. Ẹ wá so sípíkà tí ẹ kò fẹ́ràn jù mọ́ ọn, láìsí ohùn kankan nínú rẹ̀, kí ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Bí ìkùn díẹ̀ bá ṣì wà, ẹ yí tiransifọ́mà díẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa iná, kí ẹ tún tàn án, kí ẹ tún gbọ́. Ibì kan máa ń wà tí ó ti máa dákẹ́ jù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fún bóòtì rẹ̀.